Wọ́n Ní Ká Jókòó Sílé

"Ìyá, ẹ dìde lórí ọmọ odó mi. Mo ní kẹ́ ẹ dìde lórí ọmọ odó mi!"

Ohùn Mùnírátù fo ọgbà kọjá, ó dé ilé kejì. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Sìlífátù, kò mira. Ó ti fi aṣọ wé ọmọ odó náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí bí adìyẹ tó sàba.

"N ò ní í dìde. Ilẹ̀ gbóná. Wọn kì í gún nǹkan nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná, wọn kì í gbálẹ̀ lọ́sàn-án, wọn kì í súfèé. Àbí wọn ò kọ́ ẹ nílé baba tìrẹ?"

"Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé baba mi ni pé ebi kì í gbọ́ èèwọ̀. Ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kún agbọ̀n. Tí n ò bá gún un, báwo ló ṣe fẹ́ di láfún? Ṣé ká máa rún un bí eku ni?"

"Ẹ rún un. Ta ló ti rí eku tí ebi pa?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kírun lójoojúmọ́, Ìyá, lẹ tún ń pa èèwọ̀ mọ́."

"Mò ń kírun. N ò bá Ọlọ́run jà, n ò sì bá ilẹ̀ jà. Àwọn méjèèjì lágbára jù mí lọ."

Bísíríyù, ọkọ Mùnírátù, ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún Ìyá Sìlífátù, wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìyá àti ìyàwó rẹ̀ kò ní tíì lọgun lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ohun tí àwọn méjèèjì yóò fi bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yìí kò rẹ́rìn-ín, kò bínú, kò dá sí i. Mùnírátù wo ojú rẹ̀, kò rí ibi tí òun lè dì mú níbẹ̀. Ó fi agbọ̀n sílẹ̀, ó wọ ilé ìdáná lọ.

Ẹ̀pẹ́ lèyí ti ṣẹlẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1957. Ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ní èbúté, ara rẹ̀ ń jó bí iná. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é, ó ti kó o ran àwọn tó gbà á sílé. Ìgbóná ni, àrùn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ pè lórúkọ. Ìjọba gbéra. Wọ́n bupá fún ọmọdé àti àgbà, wọ́n na okùn dí èbúté, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ná ọjà Ejinrin, ọkọ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ lọ sí Èbúté Ìkòròdú títí àwọn yóò fi ní ó tó. Gbogbo ìyẹn dára. Ìgbóná ń pa èèyàn. Abẹ tí wọ́n fi ń bupá ń gbani. Ẹni tó bá sì wà nílé kò ní í kó àrùn ran ọmọ ẹlẹ́ni. Ẹni tó bá bá ìjọba jà lórí èyí, orí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ẹnu ẹni tí wọ́n rán. Adélàjà lorúkọ rẹ̀, wolé-wolé ni, ọmọ Ìkòròdú, ó wọ ṣòkòtò kákí tí wọ́n lọ̀ títí tó fi lè dá dúró láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ó mú agogo dání, ó ń ti ojúlé dé ojúlé.

"Ẹ jókòó sílé o. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ jókòó sílé."

Ó lu agogo, ó kọjá. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á ní àdúgbò tí òun fẹ́ dé ṣì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n á rán àṣẹ, wọn ò ní í rán ìtumọ̀ tẹ̀ lé e, bí ìlú bá wá ṣì í gbọ́, wọ́n á ní ìlú ò lajú.

Ìyá Sìlífátù gbé àṣẹ náà bó ṣe bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ká jókòó. Ó bá ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ mu, nítorí àwọn àgbà náà ti wí pé nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná, kí èèyàn rọra, kí ó má pariwo, kí ó má laagun káàkiri. Àṣẹ ìjọba àti èèwọ̀ àtijọ́ bọ́ sínú ẹ̀wù kan náà. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti bọ́ ọ lọ́rùn wọn?

Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe. Nígbà tí Bísíríyù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìgbóná kan jà, ó mú ọmọ méjì lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ara àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ gbóná, iyán ló ń gún lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin wọ́n, kò di ọmọ odó mú mọ́. Ìyàwó ilé ló ń bá a gún un. Àwọn ará ilé rò pé ọ̀lẹ ni, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí Bísíríyù bá dìde láti pọnmi nínú kànga ẹ̀yìnkùlé, ìyá rẹ̀ á gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi. Wọ́n ní ká jókòó."

Bí ó bá ní òun fẹ́ tún ọgbà ṣe, á ní kí ọgbà náà jókòó pẹ̀lú wọn. Bí ó bá ní òun kàn fẹ́ nasẹ̀ nínú ọgbà, á bi í pé ta ló bá ṣe àdéhùn níbẹ̀.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sílé. Atukọ̀ ni. Òun àti Tìrìmísíyù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn fara kanra, ni wọ́n jọ ni ọkọ̀. Bísíríyù ń wà níwájú, Tìrìmísíyù ń wà lẹ́yìn. Gàrí, ẹja yíyan, ìkòkò, wọ́n á kó o láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n á yà sí Ejinrin, wọ́n á gba ojú ọ̀sà lọ títí dé Èbúté Ìkòròdú. Ejìká Bísíríyù le bí orí òpó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dà bí èèpo igi nítorí àjẹ̀ tó ń fi wakọ̀. Bí ó bá ti orí omi dé, á jẹun bí ẹni méjì, á sùn bí òkúta, á jí pẹ̀lú àpárá lẹ́nu.

Níbẹ̀rẹ̀, ìjókòó náà dùn. Ẹ má jẹ́ ká parọ́, ìsinmi ń dùn. Ó sùn lọ́sàn-án. Ó bá ọmọ rẹ̀ kékeré, Fàlílátù, ta ayò. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń wí pé kí egungun ọmọ òun náà mọ̀ pé òun ní ìyá.

Lẹ́yìn náà, oorun ọ̀sán lé oorun òru lọ. Ilẹ̀ á mọ́ bá a lójú. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jọ iyanrìn lẹ́nu rẹ̀. Fàlílátù rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín lásán tí ọmọdé ń rín, baba rẹ̀ jágbe mọ́ ọn débi tí ọmọ náà fi sá sábẹ́ tábìlì. Mùnírátù rò pé ìyẹn ló burú jù. Kò mọ̀ pé ìbínú ṣì jẹ́ ohun tí alààyè ń ṣe. Nígbà tó ṣe, ìbínú pàápàá tán nínú rẹ̀. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀, á dákẹ́ pẹ́ kó tó dáhùn, bí ẹni tí ohùn wọn ní láti rìn jìnnà kó tó kàn án.

Mùnírátù di ọwọ́ rẹ̀ mú ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan, ó sì yára tú u sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ náà ti rọ̀. Awọ líle orí rẹ̀ ti ṣí kúrò pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ jọ ọwọ́ ọmọ jòjòló.

"Bàbá Fàlílátù, ọwọ́ yín."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ti rọ̀."

Bísíríyù wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. "Ó rọ̀ lóòótọ́," ni ó wí, ó sì gbé e lé orí itan padà.

Ní ilé kejì, nǹkan ń dún. Àáké ni. Tìrìmísíyù ń la igi. Bí ó bá la igi tán, á gun orí ilé ìdáná, á tún koríko rẹ̀ ṣe. Bí ó bá sọ̀, á rìn yí ilé rẹ̀ ká, ó ń ka kéwú kékeré tó mọ̀, á sì yí i padà bó bá ṣì í kà. Ìyá Sìlífátù kò lè mú un mọ́ra.

"Tìrìmísíyù, ìwọ ni ìgbóná máa kọ́kọ́ mú ládùúgbò yìí. Ariwo rẹ ti pọ̀ jù."

"Ìyá, bó bá dé, á bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Á ní òun á padà wá."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ yìí ni yóò pa ọ́."

"Àmín kọ́, Ìyá." Ó fi orí yọ lókè ọgbà. "Bísíríyù, ọ̀gá ìjókòó. Sún mọ́ ọgbà, ká sáré ìje. Ìwọ lọ́hùn-ún, èmi níhìn-ín. Ọgbà wà láàárín wa, wolé-wolé ò lè rí wa mú."

"Ó rẹ̀ mí," ni Bísíríyù wí.

"Kí lo ṣe tó fi rẹ̀ ẹ́?"

Bísíríyù ronú sí i. Ó yí ojú sí ògiri.

Fàósátù, ìyàwó Tìrìmísíyù, tẹ́ aṣọ sórí ọgbà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mùnírátù, o ò gbọdọ̀ jowú mi. Igi ti tán lẹ́yìnkùlé, àpótí ìjókòó mi ló là láàárọ̀ yìí. Orí ilẹ̀ ni mò ń jókòó dáná báyìí."

Mùnírátù kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró sí ọ̀nà jíjìn sí ọgbà bí òfin ṣe wí, ó sì bi Tìrìmísíyù léèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Ọ̀rẹ́ ọkọ mi, bí wọ́n ṣe sé e mọ́lé ni wọ́n ṣe sé ẹ̀yin náà mọ́lé. Kí lẹ ń lò?"

"Àáké."

"Mò ń bi yín tọkàntọkàn."

Tìrìmísíyù gbé àáké náà sílẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìyá Fàlílátù, èmi náà sunkún. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá jí, àyà mi á wúwo bí àpò gàrí tí omi wọ̀. Mi ò rí ìdí tí màá fi fọ ẹnu. Lọ́jọ́ kan, Fàósátù ní kò sí igi ìdáná, ìbínú ni mo fi mú àáké. Mo la igi títí òógùn fi bò mí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo rí i pé mo ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ òórùn nǹkan kan. Mo sùn. Lọ́jọ́ kejì, àpò gàrí náà tún padà wá, mo tún mú àáké. Kì í lọ pátápátá, n ò ní í tàn yín. Ṣùgbọ́n bí ara bá ṣiṣẹ́, ọkàn á fúyẹ́ díẹ̀. Bí mo bá sì jókòó, ó ń wúwo sí i. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

"Òun ò tiẹ̀ lè dìde."

"Ẹ má fún un ní àáké. Ẹ kọ́kọ́ rìn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má rán an, ẹ bá a lọ."

Láti ọjọ́ náà, nígbà tí Ìyá Sìlífátù bá ń kírun àsárì, tí ó sì ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ lẹ́yìn ìrun, Mùnírátù á di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Níbo là ń lọ?"

"Ẹ̀yìnkùlé."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe?"

"A fẹ́ padà wá síwájú ilé."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ń wọ́lẹ̀. Wọ́n yí ilé po, ó ní ó tó. Mùnírátù kò jiyàn, ó mú un padà sórí ẹní. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún lọ. Lọ́jọ́ kẹta, òun ló na ọwọ́ fún ìyàwó rẹ̀ kí ó fa òun dìde. Nígbà tó yá, wọ́n ń yí ilé náà po lọ́pọ̀ ìgbà, Fàlílátù ń tẹ̀ lé wọn, ó ń di aṣọ baba rẹ̀ mú. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga lọ́jọ́ kan, ó gbé imú sókè.

"Omi ọ̀sà ti ń fà," ni ó wí. "Mò ń gbọ́ òórùn ẹrẹ̀."

Mùnírátù yíjú sẹ́yìn kí ó má bàa rí omijé òun. Ní ìrọ̀lẹ́, Bísíríyù jẹun tán, ó wo abọ́ náà, ó ní bí Mùnírátù bá ń se ọbẹ̀ báyìí, kí wọ́n má wulẹ̀ já okùn èbúté mọ́. Àpárá kékeré ni, kò tiẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀. Mùnírátù fi í sọ́kàn bí ẹni tó ń tọ́jú owó ẹ̀yìn ọ̀la.

Ọjọ́ tí Ìyá Sìlífátù tètè parí ìrun, òun gan-an ni ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé nǹkan sú sí ọmọ kan lára ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti wá sọ ọ́, ó sì bá ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú òógùn lára, ó ń rìn kíákíá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀yin lẹ fà á," ni ó wí fún Mùnírátù. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ ń jó lórí ilẹ̀ gbígbóná. Ó ti mú ọmọ ọlọ́mọ."

"Ìyá, a kàn ń rìn ni."

"Èmi náà, mo kàn ń gún iyán ni."

Mùnírátù kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ìyá Sìlífátù sì kọjá lára rẹ̀, ó lọ dúró níwájú ọmọ rẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi í lélẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì nínú erùpẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọmọ ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Ìyá tó bá kúnlẹ̀ fún ọmọ, ìkúnlẹ̀ tó fi bí i ló fi ń bẹ̀ ẹ́, kò sì sí ọmọ tó ń gbọ́ ìyẹn tó tún sọ pé rárá.

"Bísíríyù, mo sin méjì. Mo kúnlẹ̀ fún ọ. Jókòó."

Bísíríyù gbé ìyá rẹ̀ dìde. Ó wo Mùnírátù lẹ́ẹ̀kan. Ó rìn lọ síwájú ilé, ó jókòó sórí ẹní.

Ooru lásán ló sú sí ọmọ ìsàlẹ̀ àdúgbò lára. Wọ́n fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ṣùgbọ́n Bísíríyù kò dìde mọ́. Mùnírátù na ọwọ́ sí i, ó ń wo ọwọ́ náà. Ó ní òun ti ṣèlérí. Lẹ́yìn náà, kò sọ ìyẹn pàápàá mọ́. Fàlílátù á wá jókòó tì í, á fi orí lé e létí itan, baba rẹ̀ kò ní í fi ọwọ́ kàn án, kò sì ní í lé e. Irùngbọ̀n hù bo Bísíríyù. Ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá, ó ń gbé e lọ. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó ṣáà wà láàyè.

Nígbà tí Adélàjà padà wá yẹ àwọn ilé wò, Mùnírátù dí ẹnu ọ̀nà ọgbà mọ́ ọn.

"Ọ̀gá wolé-wolé, ẹ wá wo iṣẹ́ yín."

"Ta ni ìgbóná mú níbí?"

"Kò mú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ mú ọkọ mi. Ẹ ní ká jókòó, ó ti jókòó. Ẹ wá sọ ohun tó kù ká ṣe."

Adélàjà wọlé, ó sì rí Bísíríyù. Ó kí i. Bísíríyù gbé ojú sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Adélàjà dúró tì í pẹ́, ó bi Mùnírátù bí ó ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń sùn, ìgbà tó ti dìde kẹ́yìn. Ó fi agogo rẹ̀ sábẹ́ abíyá, agogo náà kò dún mọ́.

"Ẹ jókòó sílé ni mo wí," ni ó sọ níkẹyìn. "Ẹ má jáde ni mo ń sọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rìn."

"Ìwọ lo ní ká jókòó," ni Ìyá Sìlífátù wí. "Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń jókòó ní Ìkòròdú?"

"Ìyá, àrùn yìí ń ti ara ènìyàn bọ́ sára ènìyàn. Ìdí tí a fi ní kí olúkúlùkù wà nílé rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ odó ò lè pè é wá. Ìgbálẹ̀ ò lè pè é wá. Nínú ọgbà yín, níwọ̀n ìgbà tí àlejò ò bá wọlé, ẹ gún nǹkan, ẹ gbálẹ̀, ẹ pọnmi, ẹ yí ilé po láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí ẹ ó fi laagun. Kí oòrùn rí ara yín. Ẹ jí lásìkò kan náà lójoojúmọ́, bí ẹni tó níbi tó ń lọ. Ara tí kò ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ ń rì ni."

"Òun náà wá ńkọ́?" Mùnírátù nawọ́ sí ọkọ rẹ̀.

"Kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ má bú u. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ bá a dìde, bó tiẹ̀ ṣe kí ó dé ẹnu ọ̀nà ni. Ẹni tó bá ti pẹ́ báyìí tí kò jẹun, tí kò sùn, ó nílò dókítà. Tó bá wá sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ ké sí wa. Màá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọsibítù."

"Ìgbà wo ni dókítà máa dé?"

Adélàjà wo ojú ọ̀nà. "Bí wọ́n bá ti já okùn."

Lọ́jọ́ kejì, ó tún lu agogo rẹ̀ yí àdúgbò ká. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà pẹ́ ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan jáde sí ẹ̀yìnkùlé wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nasẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, àrùn mìíràn á tún wá, kò sí ìran tí kì í rí tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wà nílé, ẹ wà nílé. Ẹni tó bá jáde lọ kó àrùn ran ẹlòmíràn, ọ̀daràn ni. Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe pósí. Ẹ dìde nínú rẹ̀. Ẹ rìn, ẹ jó, ẹ la igi, ẹ gbé ọmọ sọ́rùn kí ẹ sì yí ọgbà po. Ẹ wo ẹni tó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú ilé yín, kí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó rọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ìfẹ́ tí kò jẹ́ kí ọmọ mira, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó fi bọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ìjọba ń rán níṣẹ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín dé ìdí, kí ẹ sì dúró gbọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ.

Ìgbóná kò wọ ilé Ìyá Sìlífátù. Ọjọ́ tí wọ́n já okùn èbúté, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló jáde. Àwọn obìnrin ru gàrí sókè, wọ́n ń sáré lọ sétí omi, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Tìrìmísíyù wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bísíríyù, omi ń pè wá. Àwọn oní-Ejinrin ti kó ẹrù sọ́kọ̀."

Bísíríyù wò ó. Tìrìmísíyù dúró, ó fi ọwọ́ kan òpó ẹnu ọ̀nà, ó tún fi kàn án. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté, kò sọ àpárá kankan.

Mùnírátù na ọwọ́ sókè àjà, ó fa àjẹ̀ ọkọ rẹ̀ yọ. Ó nu eruku rẹ̀ nù. Ó fi ọ̀já di ìró rẹ̀ le mọ́ ìdí.

"Níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?" ni Ìyá Sìlífátù bi í.

"Iwájú ọkọ̀, Ìyá. Fàlílátù á jẹun."

Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde. Ilé ku ìyá àti ọmọ.

Ìyá Sìlífátù dúró láàárín ilé. Ariwo èbúté ń wọlé bá wọn. Nígbà tó ṣe, ó lọ sí ilé ìdáná, ó yí odó wá sí iwájú ẹní ọmọ rẹ̀. Ó tú aṣọ tó fi wé ọmọ odó. Nǹkan kan kò sí nínú odó náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ odó sókè, ó sì sọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún gbé e. Ìró rẹ̀ gba ilẹ̀, ó gba ògiri, ẹní náà ń mì. Ó gún un títí òógùn fi ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sínú odó òfìfo náà, títí apá rẹ̀ kò fi lè gbé e mọ́.

"Wò ó, Bísíríyù. Mo ti gún un. Nǹkan kan ò ṣe. Ilẹ̀ ti tutù, ọmọ mi. Dìde."

Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sídìí ògiri. Ó tú gèlè rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Mo kúnlẹ̀ fún ọ. Mo ní kí o dìde."

Bísíríyù wo ìyá rẹ̀. Ó sún díẹ̀ lórí ẹní, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti rọ̀ gbá ibi tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

"Ìyá, ilẹ̀ gbóná," ni ó wí. "Ẹ jókòó."